Òkè Kì Í Ka Ọjọ́

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ó lé díẹ̀ ni Àbíálà fi gun ọ̀nà àpáta,
láti ìdí igi mángòrò tí mo ti ń lẹ táyà
dé ibi tí ọ̀nà pin sí lábẹ́ òkè Ṣábẹ̀.
Mo wo aago mi lẹ́ẹ̀mejì.
Mo gbọ̀n ọ́n, mo gbé e sétí:
aago ò ṣìṣe.

Ilé-ẹ̀kọ́ tú jáde. Àwọn alálùpùpù pa ẹ́ńjìnnì.
Wọ́n ní, “Ẹ mú un lọ sílùú òyìnbó,
níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko sáré kẹ̀kẹ́.
Ta ni yóò bá a dé orí òkè?”
Èmi ò fèsì. Fáàfù wà lẹ́nu mi.

Egungun ọmọ náà fúyẹ́, èémí rẹ̀ gùn.
Bí ọ̀nà bá dìde, òun náà á dìde lórí ìjókòó,
kẹ̀kẹ́ á máa mì sọ́tùn-ún sósì lábẹ́ rẹ̀
bí ọmọ ewúrẹ́ tí ń fa ọmú.
N ò jiyàn ìyẹn.
Àmọ́ òkè kan, òwúrọ̀ kan, lẹ́yìn oorun àsùntẹ́rùn,
ṣé ìyẹn la ó fi mọ ẹni tí yóò gun òkè kẹtàdínlógún
ní ọjọ́ kejìdínlógún,
nígbà tí itan bá ti di igi,
tí oúnjẹ ń korò lẹ́nu,
tí òjò àná ò tíì gbẹ lára bàtà?

Mo rántí ìgbà tí àwa náà ń fi kẹ̀kẹ́ kó àgbàdo lọ sí Kétu.
A jẹ́ mẹ́fà.
Bíọ̀ ló máa ń ṣíwájú lórí gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́,
ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀ nìkan là ń rí.
Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Bíọ̀ ló kọ́kọ́ sunkún.
Kì í ṣe lórí òkè o.
Lórí ilẹ̀ títẹ́jú ni, nígbà tí à ń bọ̀ wálé,
tí ọyẹ́ ń fẹ́ kò wá lójú láti òkè Ọya,
níbi tí kò sí ohunkóhun tó yẹ kó pa ènìyàn lẹ́kún.
Ẹni tó ń dé tẹrùtẹrù lójoojúmọ́ ni Amúsù olóókún sísanra,
tí a máa ń dúró dè ní orí gbogbo òkè,
tó ń jẹun bí ẹni tó ń gbẹ̀san,
tó ti sùn kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó kan ẹní.

Mo lọ bá ìyá Àbíálà àgbà. Ó ń bó gbágùúdá.
Ó ní, “Tó bá di ebè kíkọ,
ọjọ́ kìíní, igba.
Ọjọ́ kejì, ó ju igba lọ.
Ọjọ́ kẹrin, á ní ọwọ́ ń ro òun.”
Mo ní, “Ọjọ́ kẹfà ńkọ́?”
Ọ̀bẹ dúró.
“Ọjọ́ kẹfà? N kì í jẹ́ kó lọ sóko.”

Ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀, nígbà náà.
Èmi ò mọ̀. Ìyá àgbà ò mọ̀. Ọmọ gan-an ò mọ̀.
Mo fi èédú sàmì sí ògiri ṣọ́ọ̀bù:
ìlà mọ́kànlélógún ni mo fẹ́ fà,
ọ̀kan lójúmọ́,
kó lọ dé odò Ọ̀pàrà, kó bọ̀, kó wá gun òkè.

Òní ló di mẹ́sàn-án.
Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún ló gbà á.
Ó ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ ní ìdí mángòrò, ó ní,
“Bàbá, ẹ bá mi wo bíréèkì, ó ń di táyà mú.”
Mo gbé kẹ̀kẹ́ sókè, mo yí táyà:
ó ń yí, ó ń yí, kò fẹ́ẹ́ dúró.
Mo fi sípánà kan irin lẹ́ẹ̀mẹta.
Mo ní, “Mo ti tún un ṣe.”

Ó jẹ àwo ẹ̀wà méjì, kò sọ̀rọ̀.
Oorun gbé e lọ lórí àpò sìmẹ́ńtì òfìfo,
ọwọ́ rẹ̀ ṣì dì bí ẹni tó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú.
Mo wo òkè. Òkè ò wo ẹnikẹ́ni.

Mo fa ìlà kẹsàn-án.
Ó ku méjìlá.