Ìwé Gbèsè Alágbàfọ̀

Kóòtù funfun Nọ́ọ̀sì Olúfúnmbí ló tú àṣírí mi.
Ó gbé e padà láti Adéọ̀yọ́, ó nà án sí ìmọ́lẹ̀:
àmì dúdú wínníwínní, bí ẹni fọ́n ẹ̀tù ìbọn sí i.
"Bàbá Láníhùn, ṣé ẹ fọ èyí?"
Mo fọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fọ̀ ọ́.
Jẹnẹrétọ̀ mi ló tún un fọ̀ lẹ́yìn mi,
ó ń wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn,
ó ń fi èéfín kọ orúkọ mi sára aṣọ aláṣọ.

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń bá ìdọ̀tí jà ní Yemẹtu,
n kò mọ̀ pé èmi ni mò ń fún un lóúnjẹ.

Mọrẹ́niké, ọmọ iṣẹ́ mi, ló ra ìwé olójú-ewé ọgọ́ta.
"Ọ̀gá, gbogbo ohun tí a bá sun, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́."
Pẹtiróòlù, lítà mẹ́jọ lóòjọ́.
Èédú áyọ́ọ̀nù, àpò méjì lọ́sẹ̀.
Ọ̀kadà tó ń gbé ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo lọ Bódìjà, tó ń bọ̀ lófìfo.
Nígbà tó di alẹ́ Sátidé, mo kà á,
ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń ka ìgò fún ọ̀mùtí.

Ta ni mo jẹ lówó? Òfuurufú.
Kì í kanlẹ̀kùn, kì í rán agbẹjọ́rò,
ooru ló ń rán wá sin gbèsè,
àti òjò tó sọnù ní Ẹ̀bìbì
tó wá ya lulẹ̀ ní Ọ̀pẹ, lórí aṣọ tí mo sá.

A bẹ̀rẹ̀ níbi tó rọ̀.
Oòrùn ń bẹ lókè lọ́fẹ̀ẹ́, fáànù ni a fi ń gbẹ ṣòkòtò!
A tú fáànù, a ta okùn sẹ́yìnkùlé.
Èésú kàn mí ní Agẹmọ. N kò fi ra mọ́tò;
páńẹ́lì mẹ́fà ni mo gbé lérí páànù tó ti dípẹtà.
Aládùúgbò ní ṣé mo fẹ́ẹ́ sá ẹ̀lùbọ́ ni.
Báyìí, ọ̀sán gangan la ń lọ aṣọ.
Bí ìkúùkù bá ṣú, a ó jókòó, a ó máa gán bọ́tìnnì.

Mo ra kẹ̀kẹ́ fún Mọrẹ́niké. Àṣìṣe.
Òkè-Ààrẹmọ kò mojú ẹlẹ́kẹ̀ẹ́:
ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń tì í, ó ń bú mi lábẹ́lẹ̀.
A tà á. Àdúgbò kan, ọjọ́ kan, ẹrù kíkún,
bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kadà ṣe ń rìn nísinsìnyí.

Ọkùnrin kan wọlé, ó de táì, ó mú ìwé ẹ̀rí dání:
"Ẹ san díẹ̀, a ó bá yín gbin igi, èéfín yín ti dòfo."
Igi wo? Níbo? Ta ló ń bomi rin ín?
Ó ń wo bàtà rẹ̀.
Alágbàfọ̀ ni mí, mo mọ àbàwọ́n.
A kì í fi bébà bo epo pupa ká ní aṣọ ti mọ́.
Gbé ìgò epo kúrò lórí tábìlì ná,
kó o tó wá ọṣẹ wá.

Síbẹ̀, ó kù. Bí òjò bá rọ̀ fọ́jọ́ mẹ́ta, jẹnẹrétọ̀ a jí.
Tìtorí ìyẹn ni mo ṣe gbin arère mọ́kànlélógójì
sí ilẹ̀ bàbá mi ní Àkànràn.
Ewúrẹ́ jẹ mẹ́sàn-án. Mo kọ mẹ́sàn-án náà sílẹ̀.

Oṣù yìí: lítà mọ́kànlá.
Mọrẹ́niké fi bírò pupa fàlà sí i nídìí, kò sọ̀rọ̀.
Níta, kóòtù funfun kan wà lórí okùn,
kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀,
ó na apá méjèèjì, ó ń gba atẹ́gùn.