Àmì Tí N Kò Fi Síbẹ̀

Ní Ṣómólú, lẹ́yìn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń dún bí òjò orí páànù,
mo jókòó ti bíírò pupa, mò ń yẹ ìwé wò.
Iṣẹ́ mi nìyí láti ọdún mẹ́rìndínlógójì:
kí ọwọ́ má baà di owó,
kí ọkọ ọlọ́kọ má baà di oko olóko.

Lọ́jọ́ náà, ìwé ètò ìsìnkú ìyá arúgbó kan ará Bàrígà ló wà níwájú mi.
Mo rí àmì dúdú kan lábẹ́ lẹ́tà tí kò nílò rẹ̀.
Mo fagi lé e.
Ó sún sí ìlà kejì.
Mo tún fagi lé e, ó sún síwájú,
ó fa ìrù jáde bí ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ inú gọ́tà.
Mo gbójú sókè wo ògiri. Ó bá mi lọ.

Kí n tó mọ orúkọ mi, Lásísì ọmọ Rábíátù,
fòní-kú-fọ̀la-dìde ni wọ́n ń pè mí.
Mo gbọ́ èdè eegun.
Bí ọyẹ́ bá fẹ́, orúnkún á ké;
bí òjò bá pa mí, ìbàdí á ké.
Eegun kì í yọ́ wọlé. Ó máa ń kanlẹ̀kùn, ó máa ń fẹ́ já a.
Ojú ńkọ́?
Ojú dákẹ́. Ojú kàn ń ṣòfò lọ ní tirẹ̀,
kò dùn mí rárá.

Kúdírátù ọmọ mi fà mí dé Ìdí-Àràbà.
Wọ́n kán oògùn sí mi lójú, ojú là sílẹ̀ bí ilẹ̀kùn àìtì.
Dókítà Ìbídùn tan iná sí ẹ̀yìn ẹyinjú,
ó dákẹ́ bí ẹni tó ń ka lẹ́tà onílẹ́tà.
Ó ní, “Bàbá, ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ bí dòjé ló dí àwọn iṣan wẹ́wẹ́ ibẹ̀.
Òùngbẹ gbẹ ojú, ojú la ọ̀nà tuntun fúnra rẹ̀,
ọ̀nà tí kọngílá sáré là ni:
ó ya bí abẹ̀bẹ̀, ó sì ń jò.
Ẹ̀jẹ̀ tó jò ni ẹ fi bíírò lé kiri.”

Pupa ni mo fi ń lé pupa.

Ó bi mí léèrè ọjọ́ orí. Mo ní ọgọ́ta ó lé méjì.
Ó tún un bi, bí ẹni pé òun gbọ́ òdì.
Nílé ìwòsàn yìí kan náà, ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé,
wọ́n ní kí ìyá mi má ra bàtà tí ẹsẹ̀ mi yóò dàgbà bá.
Ó rà á.
Múdáṣírù tí ibùsùn rẹ̀ kọjú sí tèmi kò ju mọ́kàndínlógún lọ.
Kò sẹ́ni tó kọ́ wa ní àìsàn àgbà.
Ta ní í kọ́ ẹni tó ń lọ
ní bí a ti í dúró?

Wọ́n fi iná léṣà jó etí ojú kí àárín lè yè.
Iná náà ń ṣẹ́ wàì, wàì, ní àwọ̀ ewé,
tó, tó, tó, bí àmì abẹ́ lẹ́tà.
Mo jókòó jẹ́ẹ́. Akẹ́gbẹ́ mi ló ń ṣiṣẹ́.

Ojú ọ̀tún ṣì rú bí ọ̀sà tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lórí rẹ̀.
Kúdírátù ló ń kàwé sí mi létí báyìí,
etí ni mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò.
“Dúró. Ọkọ́ lo pè yẹn. Ṣé wọ́n fẹ́ roko ni?”

Ìwé ìsìnkú ìyá Bàrígà ti jáde.
Ọwọ́ mi ti fagi lé àmì tòótọ́ lábẹ́ “ọjọ́”,
ọmọ tó ń tẹ̀ ẹ́ sì tún ohùn rẹ̀ ṣe bó ti yé e:
Òjò orí: ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin.
Wọ́n ní ṣé kí àwọn tún un tẹ̀.
Mo gbé e súnmọ́ ojú òsì, mo wò ó títí.
Mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀.