Ohun Tó Sá Sábẹ́ Awọ

Alẹ́ ló máa ń jí.
Bí a bá ti pa iná, tí ẹ̀fọn ti yó,
tí ọkọ̀ ojú irin ti fọn fèrè kọjá ní Láfẹ́nwá,
nǹkan náà á bẹ̀rẹ̀ sí rìn láàárín ìka mi,
díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn.

Èmi Ṣówándé, wolé-wolé àná,
tí mo fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n wọ kàkí,
tí mo yọjú sínú gbogbo àmù ní Kémta,
tí mo bu owó ìtanràn lé ìyá arúgbó kan lórí
nítorí tanwíji mẹ́ta péré,
èmi náà ni mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì
tí mo ń fi kóòmù họ ẹ̀yìn.

Ta ló kó o wọlé? Ẹ má bi mí.
Mosúnmọ́lá, ọmọ ọmọ mi, ti bọ́dìn dé lóṣù Ọ̀pẹ,
níbi tí ọmọ méjì ti ń sùn lórí mátíràsì kan,
tí mẹ́rin ń lo kànrìnkàn kan.
Ìyá rẹ̀ ní ooru ni, ó fi páúdà pa á lára.
Ó sáré wá dì mọ́ mi.
Ọmọ tí n kò rí fún oṣù mẹ́ta,
ṣé kí n na ọwọ́ sí i lókèèrè
bí ẹni tó ń gba owó mọ́tò?

Kí oṣù tó tán, gbogbo ilé ló ń họ.
Rájì ọlọ́kadà gbé e lọ sí Pansẹ́kẹ́.
Ìyàwó rẹ̀ tó ń dirí gbé e dé Sápọ́n.
Àwọn ọmọ kéú ká a mọ́ ẹní wọn.
Ní Ìbarà, níbi tí ẹ̀rọ ti ń mú yàrá tutù,
mo gbọ́ pé ọ̀gá báǹkì kan kì í bọ ènìyàn lọ́wọ́ mọ́,
ó ní ẹ̀sìn òun kò gbà á.

Ooru ni. Omi kànga ni.
Ẹ̀jẹ̀ ló ń ru. Ọmọ aráyé ni.
Kúrúnà! Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo,
odidi ìlú kò rí ẹnu fi pè é.
Ìtìjú ló fi ń rìn, kì í ṣe ẹsẹ̀.
Dúródọlá, ọmọ ọdún méjì, ọmọ ayálégbé wa,
họ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ títí tó fi rí bí èèpo iṣu.
Ìgbà yẹn ni mo tó wọ bàtà.

Nọ́ọ̀sì yí ọwọ́ mi sí ojú fèrèsé.
“Bàbá, kòkòrò ni. Abo rẹ̀ ló ń gbẹ́ ihò sábẹ́ awọ,
ó ń yé ẹyin síbẹ̀ bí ẹni tó ti san owó ilé.”
Ẹ̀rín pa mí. Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí.
Nígbà tí ogun lé àwa náà, abẹ́ òkúta la sá sí,
ibẹ̀ la bímọ sí, títí ibẹ̀ fi di ìlú.
Mo mọ ọgbọ́n tó ń ta.

Ó ní: gbogbo ilé, ọjọ́ kan náà,
láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹni tí ara ń yún àtẹni tí kò yún.
Ẹni tó bá dá a pa, yóò tún un họ.
Owó oògùn inú ìgò kò ká ènìyàn mọ́kàndínlógún,
la bá po imí ọjọ́ mọ́ àdí.
Lálẹ́ Sátidé, ilé wa rùn bí ìbọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dún.
Ọmọdé ń sunkún, àgbà ń rẹ́rìn-ín,
Rájì ní ká má ṣe ṣáná o.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a sá gbogbo aṣọ tí a sè sórí àpáta,
àti kàkí mi, tó ti ṣá, tí mo rò pé mo ti sọnù.
Mo wá lọ sí ilé ìyá àrúgbó ọlọ́tanwíji.
Ó ti kú. Ọmọ rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn,
ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ ha ara ògiri.
Mo na ọwọ́ mi méjèèjì síwájú rẹ̀.
Mo ní, “Kúrúnà ló mú mi. Ẹ̀yin ńkọ́?”

Ó wò mí títí.
Ó ní, “Wolé-wolé,
ẹ wọlé.”