Ojú Ìwé Wo Ló Wà?

Lọ́jọ́ tó pé àádọ́rin ọdún ni wọ́n gba mọ́tò,
wọ́n gba ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ géètì,
awakọ̀ rẹ̀ sunkún díẹ̀ kó tó gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀.
Adájọ́ Akínrìnmádé padà sí Ìjàpọ̀, l'Ákúrẹ́,
ó gbé wíìgì sínú páálí bàtà pẹ̀lú káńfọ̀,
ìyàwó rẹ̀ sì kọ ọ́ sára páálí náà pé: Ẹ má dà á nù o.

Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti dúró níwájú rẹ̀ rí,
ọdún kẹta tí mo di agbẹjọ́rò,
nítorí opó kan ní Ìjù
tí àwọn àbúrò ọkọ gba oko kòkó lọ́wọ́ rẹ̀.
A ti kùnà nísàlẹ̀. Mo gbé e lọ sí kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.
Ẹ sáà wo orúkọ yẹn:
ọ̀rọ̀ ọmọdé tí wọ́n bu ẹran tín-ín-tín fún
ni ìjọba fi sọ ilé ńlá tó ní fáànù méje.

Mo ti kọ́ ọ sórí. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ omijé,
mo fẹ́ sọ̀rọ̀ igi tí ọwọ́ obìnrin gbìn lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀.
Àwọn mẹ́ta ló jókòó, òun ló wà láàárín.
Ó gbójú sókè:
"Agbẹjọ́rò, ojú ìwé wo ló wà nínú àkọsílẹ̀?"

Mo ṣí i. Mo tún un ṣí.
Òógùn ń kán sórí ojú ìwé igba ó lé mẹ́rin.
Kò sí níbẹ̀. Ẹni tó gba ẹjọ́ náà ṣáájú mi kò bi obìnrin náà léèrè;
ohun tí a kò bi í, akọ̀wé kò kọ ọ́;
ẹnu tí kò bá sì sọ ọ́ nísàlẹ̀, kò lè sọ ọ́ lókè.
Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni. Wọ́n da ẹjọ́ náà nù.
Lẹ́nu ọ̀nà, opó náà ń bi mí bóyá wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún méjìlá ti kọjá. Lánàá mo lọ kí Baba.
Bọ́tìnnì kan ti já lára bùbá rẹ̀,
ó ń ka ìwé ẹjọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò ń kó wá bá a.
Òfin ò jẹ́ kó gba ẹjọ́ rò mọ́ ní kóòtù,
ṣùgbọ́n òfin ò ní kó má mú bírò pupa.
"Èyí gùn jù." "Èyí, ìbínú ni."
"Kókó mẹ́tàdínlógún! Ẹni tó ní ẹjọ́ gidi, méjì ti tó o."

Ọmọ aládùúgbò sáré wọlé:
ewúrẹ́ Ìyá Bọ́sẹ̀ ti jẹ ẹ̀gẹ́ wọn.
Baba bọ́ awò ojú. "Ojú ìwé..."
Ó dákẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò pẹ́.
"Mú mi lọ wo ẹsẹ̀ ewúrẹ́ ọ̀hún."

Ó lọ́ṣọ̀ọ́ lẹ́bàá ebè, eékún rẹ̀ ń ké.
"Gbogbo ọdún tí mo fi wà lókè yẹn,
n kò fojú mi rí ohun tí mo dá lẹ́jọ́.
Ìwé ni wọ́n ń gbé wá. Òjò ò rọ̀ nínú rẹ̀ rí."

Mo la ẹnu láti béèrè. Ó ṣáájú mi:
"Opó Ìjù. Ìró aláwọ̀ ewé, ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá,
ó mú ike omi kan dání, kò mu ún.
Ìyẹn náà kò sí nínú àkọsílẹ̀."

Mo sọ fún un pé ó ti kú, ó di ọdún mẹ́rin.

Kò sọ nǹkan kan.
Ó tún fi ìka kan ojú ẹsẹ̀ ewúrẹ́ náà nínú ẹrẹ̀,
ó rọra ń tọ̀ ọ́ yí ká,
bí ẹni ń wá nọ́ńbà lára rẹ̀.