Àpò Irúgbìn Kan ní Samaru

Ọyẹ́ ń fọ́n eruku sójú Zaria lọ́jọ́ náà
nígbà tí àpò kan dé ilé ìpamọ́ irúgbìn wa.
Tàdáwà pupa ni wọ́n fi kọ ọ́ sí i lára: Mẹ́síkò.
Mo tú u. Àgbàdo aláwọ̀ ẹtù,
bí èyí tó sùn mọ́jú nínú kòtò aró Kofar Mata.
Zugwai ọlọ́dẹ ní, "Ta ló pa á láró?"
Mo ní kò sẹ́ni. Bí ìyá rẹ̀ ṣe bí i nìyẹn.

Koríko ni ìyá rẹ̀, ó tín-ín-rín bí ìka ọmọ ọwọ́.
Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀, ó ṣa èyí tó sanra díẹ̀, ó tún gbìn ín;
ọmọ rẹ̀ ṣa tirẹ̀; ọmọ ọmọ rẹ̀ náà ṣa,
títí koríko fi di ẹni tí ń lọ sóko níhòòhò
tí ń bọ̀ wálé pẹ̀lú igba aṣọ.
Àwa tí à ń jẹ ẹ́ ní Ìrágbìjí ò mọ̀ wọ́n,
a ò kí wọn kú iṣẹ́ rí.

Lẹ́yìn wọn làwọn kan gbẹ́ orí òkúta,
orí lásán, ó ga ju ahéré ọlọ́dẹ lọ,
ètè nípọn, ojú ń wo ohun tí a ò rí.
Zugwai dá mi dúró: "Ní Kwoi, ọkọ́ bàbá mi
hú orí alámọ̀ kan jáde. Kò ní ara.
Màmá wa bo aṣọ lé e, torí ó ń wò wá bí a ti ń jẹun."

Mo sọ ti ìlú orí omi fún un,
níbi tí idì ti bà lé ọrọ́ ẹlẹ́gùn-ún, tó ń jẹ ejò.
Mi ò bo èyí tó burú: wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ bọ́ oòrùn,
wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀ títí ọrùn aládùúgbò fi wọ̀.
Nígbà tí àjèjì wá gúnlẹ̀ pẹ̀lú ẹṣin,
aládùúgbò ló fọ̀nà hàn án.
Wọn ò rí ẹṣin rí! Zugwai bú sẹ́rìn-ín,
ẹni tó ń gbé ìlú tí ẹṣin ti ń wọṣọ ju olówó rẹ̀ lọ lọ́jọ́ Sallah.
Ṣùgbọ́n ẹṣin kọ́ ló pa wọ́n lọ bẹẹrẹ.
Ohun tí a kì í pè lórúkọ lọ́sàn-án gangan ni,
èyí tí ń gbóná nílẹ̀, tí ń gbóná lára ọmọ.

Ọ̀ọ́dúnrún ọdún ni wọ́n fi wa fàdákà fún ẹlòmíràn.
Ìran tiwa náà wà níbẹ̀, tí ọkọ̀ ojú omi kó lọ,
tí ń sọ̀rọ̀ lójú oorun, tí ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn.
Agogo ìjọ dún lóru. Ogun. Òmìnira.
Kò pẹ́, aládùúgbò òkè gba ìdajì ilẹ̀ wọn,
ó ní títà ni wọ́n tà á.
Ogun mìíràn: àgbẹ̀ gbé ìbọn,
ó ní ẹni tó bá ro ilẹ̀ ni kó ni ín.

"Nísinsìnyí ńkọ́?"
Mo ní wọ́n ń kọ́lé, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù,
ilẹ̀ a sì máa mì lábẹ́ wọn. Àwọn ọ̀dọ́ kan níbẹ̀
ń fẹsẹ̀ la aṣálẹ̀ lọ sí àríwá, jálá omi kan lọ́wọ́.
Zugwai ò rẹ́rìn-ín mọ́.
Agadez ni àbúrò rẹ̀ ti pè é kẹ́yìn, kí òjò èṣín tó dá.
"Ó ní omi wọn ṣì kù."

Afẹ́fẹ́ ń gbá ilẹ̀kùn páànù.
Mo ka kóró, mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí òfin ti wí.
Mo fi mẹ́ta sí àtẹ́lẹwọ́ ọlọ́dẹ, mo pa ìka rẹ̀ dé.
Nínú ìwé, mo kọ: mẹ́ta dín; eku.