Ọkọ̀ Gun Ọkọ̀

Ẹ wá wo ohun tójú mi rí ní Ìsọ̀kùn:
ọkọ̀ gun ọkọ̀ lẹ́yìn bí ọmọ tó ti rẹ̀,
èyí tó ń sáré nílẹ̀ gbé èyí tí kò lẹ́sẹ̀ pọ̀n.
Pijó ni tìsàlẹ̀, ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n.
Tòkè kò tíì fẹnu kan omi rí.

Ọdún méjì gbáko ni Fálòdún káfíńtà fi kàn án.
Bó bá kan bẹ́ẹ̀dì oníbàárà tán, a padà sídìí rẹ̀.
Àwọn ará àdúgbò fi í ṣẹ̀fẹ̀:
"Odò wo ló wà ní Iléṣà tó lè gbé igbá,
ká má tíì sọ ọkọ̀?"
Fálòdún á fẹnu fẹ́ èérún pákó kúrò lójú ìfági:
"Ọmọ Ọbọkun ni mí.
Ẹni tó rìn dé òkun, tó bu òkun wálé fún bàbá rẹ̀,
ẹ wá ń bi ọmọ rẹ̀ pé omi dà?"

Ọ̀gá Lérè, tó ń kọ́ wọn nípa ẹja ní Yunifásítì Ifẹ̀, ló rà á.
Èmi ni wọ́n ní kí n gbé e débẹ̀.

Kò sẹ́ni tó kọ́ mi bí a ṣe ń dì í. Àbámọ̀ ló kọ́ mi.
Lọ́dún tí ìyá mi kó kúrò ní Ìbòkun,
okùn kan ṣoṣo ni mo fi so mátíràsì rẹ̀ mórùlé.
Atẹ́gùn gbà á lọ́wọ́ mi ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́,
ó fò bí àwòdì, ó balẹ̀ sínú ẹrẹ̀.
Ìyá kò bínú. Ó kàn ní,
"O dì í bí ẹni tí kò fẹ́ kó débẹ̀."

Nítorí náà, mo tẹ́ aṣọ ìbora méjì sórí òrùlé
kí igi má baà ha irin.
A dojú rẹ̀ délẹ̀, kí òjò má baà sọ ọ́ di agbada.
Okùn kan láyà, okùn kan nídìí,
mo so imú mọ́ bọ́ńpà iwájú, mo so ìrù mọ́ tẹ̀yìn.
Ẹ yí okùn po lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ tó fà á le:
okùn tó tẹ́ pẹrẹsẹ a máa ké lójú atẹ́gùn
bí ọmọ ọlọ́jọ́ mẹ́jọ.
Mo fi aṣọ pupa sí ìrù. Mo mì í.
Mọ́tò mì pẹ̀lú rẹ̀.
"Ó tó," ni Fálòdún wí.
Mo tún so ọ̀kan sí i.

Bí a ṣe bọ́ sí títì, àwọn àgbà ń ṣí fìlà.
Obìnrin kan sọ ẹrù kalẹ̀, ó ní, "Ọlọ́run á tù yín nínú."
N kò kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n rí:
ohun gígùn, a dojú rẹ̀ délẹ̀, à ń wà á lọ jẹ́jẹ́.
Fálòdún, tó ti kan pósí kọjá ogójì, dákẹ́.
Ó pẹ́ kó tó rẹ́rìn-ín:
"Nínú gbogbo wọn, èyí nìkan ló lè padà wálé."

Ní Ìbodì, ọlọ́pàá dá wa dúró.
"Kí lẹ gbé?" "Ọkọ̀ ni."
"Mo rí ọkọ̀. Kí ló gbé?" "Ọkọ̀."
Ó ní kí n mú ìwé ọkọ̀ wá, ti méjèèjì.
Fálòdún yọ rìsíìtì pákó lápò:
"Ìwé ìbí rẹ̀ rèé."
Ọlọ́pàá rẹ́rìn-ín títí, ó gbàgbé ohun tó fẹ́ gbà.

Ní Òṣù mo sọ̀ kalẹ̀, mo fọwọ́ kan okùn kọ̀ọ̀kan.
Ọ̀kan ti dẹ̀ níwọ̀n ìka kan.
Ìka kan péré.
Ibẹ̀ náà ni mátíràsì ìyá mi gbà lọ.

Ọ̀sán ti pọ́n ká tó dé etí adágún Ọ̀pá.
Èèyàn mẹ́rin gbé e sọ̀. Ó kan omi,
ó mì lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ tó ti gbàgbé,
ó sì dúró.
Fálòdún kì í ṣe òmùwẹ̀.
Ó wọ omi dé orúnkún, tòun ti bàtà,
ó ń yẹ inú ọkọ̀ wò bóyá omi ń wọlé.

Omi kò wọlé.

Nígbà tí a padà dé Iléṣà, òrùlé mi ti ṣófo,
àpá okùn nìkan ló kù nínú eruku rẹ̀.
Ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí n tó fọ̀ ọ́.