Ilẹ̀ Tí A Yá Odò

Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí omi òjò ti ń sùn lóko wa
bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó lọ.
Ní gúúsù Báńgíládéṣì níbí, odò Rúpòmátì ti ga ju pápá lọ:
ẹrẹ̀ yó odò,
ebi ẹrẹ̀ ń pa ilẹ̀.

Motalẹ́bù tó ń sin edé nínú omi iyọ̀
ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ògiri amọ̀.
Bídáànì onírẹsì ní àfi ká wó o lóru.
Ìjọba rán Nìlúfà onímọ̀ ẹ̀rọ wá,
ó tẹ́ àwòrán tó gùn ju ẹní wa lọ.
A fi etí kan gbọ́, a fi ọwọ́ lé eṣinṣin.

Ìyá Ṣẹfálì tó ń ta akàn ló dìde:
"Ìwọ tó o ya odò, ṣé o ti wọ inú rẹ̀ rí?"
Lọ́jọ́ kejì Nìlúfà ká ṣòkòtò, ó wọ ẹrẹ̀ dé orókún.
Bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ dòní.
Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ara wa.

Ohun tí wọ́n rí kò ju báyìí lọ:
ká gé ògiri, kí omi òkun máa wọlé lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́,
kó máa sọ ẹrẹ̀ kalẹ̀ bí aláàárù tó ń sọ ẹrù,
títí ilẹ̀ yóò fi ga. Ọdún mẹ́ta.
Ṣùgbọ́n oko ta ni?

Mo gbọ́ ìkòkò tó ń hó nílé kẹta.
Oko mi ni. Éékà méjì àti díẹ̀ tí ọkọ mi fi sílẹ̀ kú.

Mi ò ní purọ́: mi ò gbà lọ́jọ́ náà.
Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ìrẹsì wo ni n óò máa jẹ.
Bídáànì, tí kò kí mi láti ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀,
ní àpò méjì lọ́dún.
Motalẹ́bù wolẹ̀ títí, ó ní òun yóò mú mẹ́rin wá,
"àmọ́ ẹ jẹ́ kí n máa pẹja níbẹ̀ bí omi bá kún."
A bú sẹ́rìn-ín.

Ọdún kejì la wà yìí.
Bàbá tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn omi ò rówó oṣù mẹ́ta gbà,
ó ń ṣọ́ ọ, ó ń ṣépè.
Bí omi bá ti fà sẹ́yìn, mo máa ń ki apá bọ ẹrẹ̀:
lọ́dún tó kọjá, ó mu ìka mi;
lónìí ó ti ń wá ìgúnpá.

Mi ò tíì gbin nǹkan kan.
Ilẹ̀ ń ga lábẹ́ omi, ojú ò rí i,
bí eyín ọmọ ọwọ́ lábẹ́ èrìgì.